Agbádá Tó Dínà Afẹ́fẹ́

Àárọ̀ Sátidé yẹn dùn ní Òkè-Ọ̀yẹ́. Abẹ̀bẹ̀ tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mànàmáná tí wọ́n fi ń dáná ń yí lórí gbogbo òrùlé, bátìrì ń kún, àwọn èèyàn sì ń kí ara wọn pé, "Ẹ kú afẹ́fẹ́ o!" Inú Bàbá Adégoróyè, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, dùn débi pé ó fọ agbádá ńlá rẹ̀, ó sì sá a sórí òrùlé. Kò mọ̀ pé agbádá náà ti dí abẹ̀bẹ̀ Ìyá Bísóyè, aládùúgbò òun, pa.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Bátìrì gbogbo ilé ti kún, àfi ti Ìyá Bísóyè. Òfin ìlú ò sì mọ ọ̀gá: ẹni tó bá dínà afẹ́fẹ́ ẹlòmíì, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi yí abẹ̀bẹ̀ onítọ̀hún títí oúnjẹ ọ̀sán yóò fi jinná.

Bàbá gun àkàbà, ó ń yí abẹ̀bẹ̀, òógùn bò ó.

"Ẹ kú afẹ́fẹ́ o, sà!" Àwọn tó ń kọjá ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa bá tiyín lọ!"

Nígbà tí apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó yọjú sísàlẹ̀. "Ìyá Bísóyè, ẹ jọ̀ọ́, ṣé indómì ni?"

"Ẹ̀wà ni, sà," ni obìnrin náà dáhùn, ó ń bu omi kún ìkòkò. "Ti èṣí ni, kì í tètè rọ̀."