Fídíò Tí Bao Zhenhai Fi Dẹ́rù Ba Ìlú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ wá pa fóònù yín dé. Ẹ kà á tán, nítorí ìsàlẹ̀ ni ibi tó le jù wà.

1.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni Bao Zhenhai fi ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ní ìlú Luoyang. Láyé ìgbà yẹn, ọkùnrin tó bá fẹ́ gbéyàwó, ọkọ̀ òkèèrè ni àwọn àna rẹ̀ máa ń béèrè. Ẹni tó bá gun ọkọ̀ tí wọ́n ṣe nílé, wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Zhenhai kì í bẹ oníbàárà. Oníbàárà ló ń bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná. Ọ̀kan nínú wọn ṣí ilé ìtajà sí òdìkejì títì, ó dojú kọ ti Zhenhai gan-an.

Kou Lei, olórí àwọn tó ń bá a tajà, sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gba díẹ̀ tà nínú tiwọn. Àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ ọkọ̀ epo mọ́."

Zhenhai rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn lo ń pè ní ọkọ̀? Fóònù tí wọ́n fi táyà sí nídìí. Ẹnikẹ́ni nínú ilé mi ò gbọdọ̀ gbé e wọ ọgbà mi."

Ruoxi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

2.
Ọdún méjì péré ni gbogbo rẹ̀ fi yí padà. Láràárọ̀, Zhenhai á dúró lẹ́yìn gíláàsì, á máa wo àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ́dọ̀ ẹni kejì. Ilé iṣẹ́ òkèèrè tó ń bá tajà ò sì dẹ́kun àtikó ọkọ̀ tuntun wá fún un. Wọ́n ní dandan ni kó gbà á. Eruku bo ọkọ̀ lẹ́yìnkùlé. Bí ilé iṣẹ́ náà bá pè é, kì í gbé fóònù. Ọbẹ̀ ẹran màlúù tó máa ń lá láàárọ̀, kì í lá a tán mọ́.

"Bàbá Ruoxi, kí ló ń ṣe yín?" ni Cuiping ìyàwó rẹ̀ bi í. "Ẹ ò jẹun, ẹ ò sọ̀rọ̀."

"Kò sí nǹkan kan."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ká ní ó sọ fún obìnrin yẹn pé ẹ̀rù ń ba òun ni, bóyá ibẹ̀ ni ìtàn yìí ìbá parí sí.

3.
Ó rí fídíò àtijọ́ kan, níbi tí ọkọ̀ kan ti ń jóná lójú ọ̀nà. Ó ní kí Kou Lei kọ ọ̀rọ̀ sí i lára: "Ọkọ̀ oníná tí wọ́n ṣe nílé nìyí. Bó bá ti forí sọ nǹkan, ẹ sá. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó máa bú gbàmù."

Kou Lei wò ó títí. "Ọ̀gá, ọkọ̀ epo mà ni èyí."

"Ta ló máa wò ó débẹ̀?"

"Bí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?"

"Kọ ọ́. Àbí o fẹ́ máa wáṣẹ́ kiri?"

Kou Lei kọ ọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, fídíò náà ti yí ìlú ká. Ìyá àgbà ń fi í ránṣẹ́ sí ọmọ, olùkọ́ ń fi í ránṣẹ́ sí òbí. Èrò dín kù lódìkejì títì. Lọ́jọ́ náà, Zhenhai lá ọbẹ̀ rẹ̀ tán, ó sì ní kí wọ́n bu sí i.

4.
Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, fóònù rẹ̀ dún. Ruoxi ni.

"Bàbá, tírélà kan gbá mi mọ́ òpó afárá odò Luo. Ẹsẹ̀ mi há. Èèyàn pọ̀ níbí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ sún mọ́ mi."

"Kí ló dé tí wọn ò sún mọ́ ọ? Inú ọkọ̀ ta lo wà?"

"Tèmi ni, ọkọ̀ oníná yẹn ni. Oṣù karùn-ún rèé tí mo ti rà á. Ilé ọ̀rẹ́ mi ni mo máa ń gbé e sí. Bàbá, ẹ má bínú."

Zhenhai gbéra, ó débẹ̀. Ogójì èèyàn, ó lé, ló dúró lábẹ́ agboòrùn lókèèrè. Àwọn kan ń fi fóònù ya ọkọ̀ náà, bí ẹni ń dúró de kó bú. Ọkùnrin kan tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì dì í mú lápá.

"Bàbá, ẹ má lọ. Ẹ ò rí fídíò yẹn ni? Ó máa bú gbàmù."

"Irọ́ ni. Èmi ni mo ṣe é."

Ọkùnrin náà wò ó tàánútàánú. "Ọmọ yín ló wà nínú ẹ̀, àbí? Ẹ̀rù ló ń mú yín sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn panápaná dé."

Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sáré. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: nígbà tó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kó débẹ̀, òun fúnra rẹ̀ dúró. Ó ti wo iná inú fídíò yẹn lẹ́ẹ̀mejìlélógún, ọkàn rẹ̀ ò sì gbà á gbọ́ mọ́ pé irọ́ ni. Ó dúró sínú òjò, ó ń retí ìbúgbàmù tí òun fúnra rẹ̀ hùmọ̀. Ruoxi ń wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà ló tó lọ. Ó fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó pe èèyàn, kò sẹ́ni tó wá. Ìgbà tí àwọn panápaná fi dé, tí wọ́n gé ilẹ̀kùn, ó ti lé ní ogójì ìṣẹ́jú tí ẹsẹ̀ ọmọ náà ti há. Ọkọ̀ náà kò jóná. Èéfín pàápàá kò rú níbẹ̀.

5.
Wọ́n gé ẹsẹ̀ Ruoxi nísàlẹ̀ orúnkún. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè yọ ọ́ ni, ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ náà yè.

Kò ju ìbéèrè kan lọ tó bi bàbá rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ dúró?"

Zhenhai jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí fídíò títí dé orí afárá. Ruoxi kọjú sí ògiri. Cuiping dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ máa lọ, Bàbá Ruoxi." Àgọ́ ọlọ́pàá ni Zhenhai gbà lọ láti ibẹ̀, ó lọ jẹ́wọ́. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti ti ilé ìtajà rẹ̀ pa. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí ara wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjà máa ń yí padà. Bí tiyín bá ń lọ sílẹ̀, ẹ kọ́ ohun tuntun, tàbí kí ẹ sọ fún ará ilé yín pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ má gbé ẹ̀rù yẹn ka orí ẹlòmíì. Kí ẹ tó fi fídíò adẹ́rùbani ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ṣe é àti ohun tó ń tà. Ẹ ò mọ ẹni tó máa wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ará ìlú bá gbà yín gbọ́.