Akàn Gbẹ́lẹ̀ Àbàtà Wò

Ẹ gbàlọ́ o! Ìjàpá sinmi lónìí. Orí Akàn ni àlọ́ mi bà lé.

Ní ọdún tí Ọ̀yà la poro, tó fa gbogbo omi àbàtà lọ sí oko rẹ̀, àwọn ẹranko di ẹrù, wọ́n fẹ́ kó lọ sí odò tó jìnnà ní ìrìn ọjọ́ méje. Akàn rò ó títí. Báwo ni abiyamọ tó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn yóò ṣe kó ogún ọmọ débẹ̀?

Wọ́n ní kí Lékeléke kọ́kọ́ lọ yẹ àbàtà wò. Kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan aṣọ funfun òun, ló bá bà sórí igi.

"Ó ti kú pátápátá! Koríko ti gbẹ, ilẹ̀ ti là."

Akàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹsẹ̀ kàn án?"

"Ìwọ tí o kò lè rìn tààrà, ṣé ìwọ ni yóò kọ́ mi níṣẹ́?"

Akàn wọ inú àbàtà lọ. Ó ń gbẹ́lẹ̀, ó ń kọrin, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbè é:

Àbàtà, ṣé o sùn ni àbí o kú?
*Gbẹ́ ẹ wò, ìyá, gbẹ́ ẹ wò.*
Ilẹ̀ dúdú rèé, ó tutù lọ́wọ́.
*Gbẹ́ ẹ wò, ìyá, gbẹ́ ẹ wò.*

Ó fa gbòǹgbò òṣíbàtà jáde, èéhù funfun ti yọ lára rẹ̀.

"Ẹ wò ó, oorun ló ń sùn! Ẹ bá mi dí poro Ọ̀yà."

Wọ́n tú ẹrù, wọ́n dí poro. Nígbà tí òjò rọ̀, omi dúró, òṣíbàtà tẹ́ ewé. Ebi lé Lékeléke sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ìdí nìyẹn tí aṣọ rẹ̀ fi funfun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò funfun.

Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ gbẹ́lẹ̀ wò.