Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti Màmá

Baba Wáyà ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tí ì ní ewú kan ṣoṣo lórí. Òun ló ń so ẹ̀rọ ayélujára pọ̀ fún àwọn ilé ìtajà. Nígbà tí onífọ́tò ránṣẹ́ pè é, ó rò pé wáyà kan ló já, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òkè ni onífọ́tò ń gbé, ìsàlẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó fún un ní àga láàárín àwọn iná ńláńlá tó fi ń ya fọ́tò.

"Ẹ jókòó ná. Ẹ ó gbọ́ ọ fúnra yín."

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré tó wà lára ògiri fi hó. Ohùn obìnrin àgbà kan jáde nínú rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ da ilé láàmú.

"Ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn."

Oòrùn ọ̀sán ń ràn yòò lójú fèrèsé. Orí Baba Wáyà wú.

"Màmá mi nìyẹn," onífọ́tò wí. "Ohun kan náà ló máa ń sọ, tọ̀sán-tòru. Ìyàwó tuntun kan wá ya fọ́tò níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bó ṣe gbọ́ ọ báyìí, ńṣe ló káṣọ mọ́ra, ó bẹ́ síta. Ọkọ rẹ̀ ló padà wá mú bàtà rẹ̀."

"Ẹ kú àmúmọ́ra o," Baba Wáyà ní. "Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Àmín. Ó ti rẹ̀ wá."

Baba Wáyà ti rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí, èyí tí wọ́n fi ń pe ara wọn láti yàrá dé yàrá. Òmíràn máa ń gba ọ̀rọ̀ pamọ́, á wá máa tún un sọ lẹ́yìn tí ẹni tó sọ ọ́ ti lọ.

"Ṣé ẹ ò kàn ní yọ ọ́ kúrò ni?"

Ìyàwó onífọ́tò, tó dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ló dáhùn.

"Kò ṣeé yọ. Màmá ò fẹ́ràn òkùnkùn. Iná kékeré tó wà lára èkejì rẹ̀ lókè á kú tá a bá yọ èyí, kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kíná máa tàn, kóhùn má dé ìsàlẹ̀. Ohun tá a fẹ́ ò ju ìyẹn lọ."

Ó yé Baba Wáyà. Ohùn ìyá tirẹ̀ náà wà nínú fóònù kan rí, "Ọmọ mi, o ò pè mí o," kí fóònù ọ̀hún tó bọ́ sómi. Kò tíì rí ohun tó lè fi pààrọ̀ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́ o," ó ní.

Onífọ́tò gbójú sókè wò ó. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ pípa?"

"Ohùn yẹn ni mò ń wí, ọ̀gá."

"Ẹn-ẹn. Ohùn."

Súwíìṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, àpótí pẹlẹbẹ kan tó ní ojú ihò mẹ́jọ, tí wáyà gbogbo ilé ti pàdé. Ọ̀kan nínú àwọn wáyà náà fà lọ sí yàrá ìparí, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn náà. Baba Wáyà rọra yà fún un, bí ènìyàn ṣe ń yà fún sàréè.

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí itan. Ìyàwó náà dúró tì í.

"Súwíìṣì kan náà ni," Baba Wáyà ṣàlàyé, "ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ di méjì nínú. Bíi kéèyàn mọ ògiri tójú ò lè rí sáàárín ilé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiyín lọ́tọ̀, ti màmá lọ́tọ̀. Iná ẹ̀rọ á máa tàn, ọ̀rọ̀ ò kàn ní kọjá ni."

"Tó bá wá sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"Á sọ ọ́ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́."

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu.

Baba Wáyà fi ojú ihò tìsàlẹ̀ sí ẹgbẹ́ kan, ó fi ti yàrá ìparí sí òmíràn, ó tẹ̀ ẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ́tí.

"Ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn."

Ó dà bíi pé ẹ̀ẹ̀mejì ló gbọ́ ọ, nísàlẹ̀ àti lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tún iṣẹ́ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì rí àṣìṣe rẹ̀. Lóòótọ́ ló fi yàrá náà sí ẹgbẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n kò tíì yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí súwíìṣì gbé wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, níbi tí gbogbo ojú ihò ti ń gbọ́ ara wọn. Ó yọ ọ́.

Ìsàlẹ̀ pa lọ́lọ́.

Wọ́n dúró títí. Ohùn kankan ò jáde mọ́. Ìyàwó náà sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀. Baba Wáyà ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú ń tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè lọ bẹ́ẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ó súnmọ́ yàrá ìparí, ó tẹnu mọ́ ojú ilẹ̀kùn.

"Ẹ sùn un re, màmá."

Nínú yàrá, nǹkan kan fẹ̀sọ̀ họ pátákó ilẹ̀kùn, bí ọwọ́ tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí i. Kò dúró gbọ́ ìkejì.

Nísàlẹ̀, onífọ́tò ti jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó dijú, ó ń mí kanlẹ̀. Baba Wáyà kò fẹ́ dí i lọ́wọ́. Ó rọra kí wọn, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà ìta nígbà tó gbọ́ tí ìyàwó náà ń bi ọkọ rẹ̀ pé ta ló kàn láti wẹ màmá lónìí, kí oúnjẹ ìyá náà tó tutù.