Ohùn Mi Lọ́wọ́ Bàbá Látúnjí

Ọjọ́ tí a parí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni ilé ìwòsàn wa gba ohùn mi sílẹ̀ sínú ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀. Láràárọ̀, èmi nìkan nínú ọ́fíìsì, mò ń gbọ́ ohùn ara mi lórí kọ̀ǹpútà, bó ṣe ń bá Bàbá Látúnjí sọ̀rọ̀ nílé rẹ̀, aláìsàn kan tí n kò fojú rí rí.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín?”

“Mo ti lò ó, ọmọ mi. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?”

Wọn ò kọ́ ẹ̀gbà ní ìdáhùn ìyẹn. Bàbá dá ara rẹ̀ lóhùn:

“Ó dáa. Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn ẹ.”

“Mi ò tíì jẹun, bàbá,” ni mo sọ fún ògiri.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti lo oògùn, mo sì pa ìyókù ọ̀rọ̀ bàbá rẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa.