Ojúlówó Pulọ́ọ̀gì fún Alùpùpù Àtijọ́

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí ọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù. N kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ ìta. Kò ṣí akoto orí rẹ̀. Omi sì ń kán lára aṣọ rẹ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn gangan.

"Ẹ bá mi wá pulọ́ọ̀gì alùpùpù àtijọ́."

Mo kó mẹ́ta síwájú rẹ̀. Ó ń gbé wọn sún mọ́ imú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Sáńpépà lẹ fi ha èyí. Èyí náà."

"Ẹ lọ rà á níbòmíràn, bí tèmi ò bá tẹ́ yín lọ́rùn!"

Òótọ́ ló sọ ló ṣe bí mi nínú. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: a ó ha èyí tó ti kú, a ó dì í sínú páálí tuntun. Irú rẹ̀ ni mo tà fún Adéwùsì, àbúrò mi. Alùpùpù kú mọ́ ọn lábẹ́ láàárín odò tó ń kún. Alùpùpù nìkan la rí. Ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń dípẹtà. Mo ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tà.

Ọkùnrin náà ò kúrò. Mo bá ṣí dúrọ́ọ̀ tí mo máa ń tì pa, mo mú ojúlówó jáde fún un.

Ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èyí wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà?"

Ó mú un, ó gba ẹ̀yìn jáde. Mo gbọ́ tó ta nǹkan nípàá lẹ́ẹ̀kan péré, alùpùpù tí kò ní ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, láìwúkọ́ rárá.