Ilẹ̀kẹ̀ Kan Nínú Okùn Ọkàn

Gbogbo ẹbí pé sí pálọ̀ wa ní Attécoubé, nílẹ̀ àjèjì. Èmi ni wọ́n ń wò.

Ọmọ mẹ́ta ló ti kú mọ́ Rokia, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, lọ́wọ́. Ọkàn wọn kàn ń ṣàdédé dúró ni.

"Mubeenah, ìwọ lo kàwé. Kí lo rí nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa tí o yẹ̀ wò ní láàbù?" Màmá ló bèèrè.

Mo ṣàlàyé. Purotéènì tó ń mú ọkàn lù lọ́ bí okùn. Amínò asíìdì tò sínú rẹ̀ bí ilẹ̀kẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń di ẹ̀kẹrin tó wà níwájú rẹ̀ mú. Mo yẹ gbogbo ibi tí wọ́n ti kanra wò. Ọ̀kan ti yí padà, kò di nǹkan kan mú mọ́. Okùn náà dẹ̀.

"Ara ta ló ti wá?" Màmá tún bèèrè.

Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé àyẹ̀wò tó wà lọ́wọ́ mi. Èmi nìkan ló lè kà á níbẹ̀.

"Ara Rokia ni."

Ẹ̀gbọ́n mi Ìkírámù bojú. Màmá ti gbé báàgì Rokia síta. Ọkọ̀ tó máa gbé e padà sílé wọn ní Ṣakí ń dúró ní gáréèjì Adjamé.

Rokia kúnlẹ̀ fún mi. "Ẹ ṣé, àǹtí mi. Ẹ ò jẹ́ kí wọ́n pè mí ní àjẹ́. Tí wọ́n bá so yìgì yín ní Jímọ̀, Ọlọ́hun á fún yín lọ́mọ."

"Àmín," mo ní.

Mo ká ìwé náà. Ẹ̀jẹ̀ Rokia mọ́ tónítóní.

Ilẹ̀kẹ̀ tó yí padà wà lára Ìkírámù.

Ó wà lára èmi náà.