Àdúà Tí Akọ̀wé Fọwọ́ Sí

Ọdún mẹ́sàn-án ni Iyìolúwa ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kaduna, kò sì sí ọjọ́ kan tí àwọn tó ń ṣojú fún ò sú u. Òun nìkan ló mọ̀wé láàrin wọn. Àwọn tó kù, ẹran lásán! Ẹni tó ń tẹ̀ka gba owó oṣù, tó ń sùn ní àdúgbò Rigasa, tó ń jí ní Rigasa, kí lẹ fẹ́ kó mọ̀?

Lọ́dún 1993, ìdìbò ẹgbẹ́ tún kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló dìde láti bá a du ipò: Yísà. Yísà tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì! Ẹ̀rọ ìhunṣọ ló gé ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀ níjọ́sí, ni wọ́n bá gbé ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́. Iyìolúwa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bi í léèrè níṣojú gbogbo èèyàn.

"Bàbá Yísà, ṣé ẹ mọ̀wé?"

"Èmi kẹ̀? N ò mọ̀wé o," ni Yísà wí. "Kéú nìkan ni wọ́n kọ́ mi nílé, l'Ógbómọ̀ṣọ́."

"Kéú!" Iyìolúwa pòṣé. "Tírà lẹ máa wá fi dá ìjọba lésì nìyẹn."

Ohun mìíràn tó ń bí i nínú ni ẹ̀kọ́ abẹ́ igi. Lákòókò ìsinmi ọ̀sán, àwọn òṣìṣẹ́ á kóra jọ sábẹ́ igi dongoyárò lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ. Dinah, ahunṣọ tó ń ti àdúgbò Narayi wá, á máa kọ́ àwọn atẹ̀ka ní A, B, D. Bó bá ṣe tán, Yísà á kọ́ Dinah àtàwọn Kìrìsìtẹ́nì ẹgbẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà kéú tí wọ́n fi ń kọ Hausa. Wọ́n á fi èédú kọ orúkọ ara wọn sára páálí, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Olú iléeṣẹ́ ẹgbẹ́ l'Ékòó ti kọ̀wé pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Iyìolúwa dá wọn lésì pé kò sẹ́ni tó ṣeé kọ́ níbí.

Nígbà tí ìdìbò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọ̀gá Hámzàt ránṣẹ́ pè é. Ọwọ́ Hámzàt ni ìgbàsíṣẹ́ àti ìdádúró wà. Ó ní ilé iṣẹ́ fẹ́ dín ogójì èèyàn kù. Bí Iyìolúwa bá fa orúkọ ogójì kalẹ̀, tó wọlé padà, tí kò sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ pariwo, yóò di igbákejì Hámzàt, wọn yóò sì fún un nílé ní Ungwan Shanu. Bó bá fìdí rẹmi ńkọ́?

"Akọ̀wé tí kò sí nípò, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" ni Hámzàt wí. "Ìwọ lo máa ṣe ìkọkànlélógójì."

Iyìolúwa bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀gá lè rí i kọ sílẹ̀ dáadáa. Hámzàt wo ìdí fèrèsé, níbi tí Yísà ti ń nu gíláàsì.

"Eléyìí tó ń gbọ́ wa ńkọ́?"

"Ẹ má kà á sí jàre, ọ̀gá. Bó bá tiẹ̀ sọ ọ́, ìwé ẹ̀rí dà?"

Ìbò àwọn Mùsùlùmí Rigasa ló wá kù tó ń kọ ọ́ lóminú. Ó ronú, ó sì rí ọgbọ́n kan dá. Ó pe Yísà.

"Bàbá, ẹ bá mi kọ àdúà ní kéú, kó gùn dáadáa. Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ẹgbẹ́, káwọn èèyàn yín lè mọ̀ pé mo fẹ́ràn wọn. Kórúkọ mi wà níbẹ̀ o."

"Á wà níbẹ̀," ni Yísà wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ó fọwọ́ sí i fúnra yín. Láìṣe bẹ́ẹ̀, kò ní jẹ́."

Òpè pọ́ńbélé, Iyìolúwa wí nínú ara rẹ̀. Lójú tirẹ̀, àdúà ni gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ ní kéú. Lọ́jọ́ kejì, ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lé e, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó.

Ńṣe lèrò ń wọ́ wá. Wọ́n á dúró síwájú pátákó, ètè wọn á máa mì. Oníkálukú á wá na ìka kan ìwé náà, ọ̀tọ̀ sì nibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fọwọ́ kàn. Ganiat, tó ń ran etí aṣọ, fọwọ́ kan tirẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Dinah pàápàá wá. Ó yíjú sí Iyìolúwa, ó ní, "Sakatare, mun gode," ìyẹn ni pé akọ̀wé, àwọn dúpẹ́.

"Àdúà yẹn ti wọ̀ wọ́n lára," Iyìolúwa sọ fún Hámzàt. "Ọ̀dẹ̀ ò ṣòroó tàn."

Lọ́jọ́ ìdìbò, Mahmud, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá bójú tó o, ní kí oníkálukú tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. Iyìolúwa dúró gbọin, kò wẹ̀yìn. Nígbà tó yíjú padà, akọ̀wé ọ́fíìsì méjì péré ló rí. Ìlà ẹ̀yìn Yísà ti gba ẹnu géètì jáde.

Ó sáré lọ sídìí pátákó, Yísà àti Mahmud tẹ̀ lé e. "Irú àdúà wo lẹ kọ fún mi yìí? Ṣé ẹ gbé mi ṣépè ni?"

Mahmud sún mọ́ ìwé náà, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Akọ̀wé, ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ síbí?"

"Èmi ni! Òǹtẹ̀ mi nìyẹn! Ẹ kà á sókè, kí gbogbo ayé gbọ́ ohun tó ṣe fún mi!"

Mahmud wú ikọ́, ó sì kà á ketekete: "Èmi Iyìolúwa, akọ̀wé ẹgbẹ́, ni mo fa àwọn ogójì wọ̀nyí lé Ọ̀gá Hámzàt lọ́wọ́ pé kó lé wọn lẹ́nu iṣẹ́: èkíní, Dinah; èkejì, Ganiat; ẹ̀kẹta, Yísà agbálẹ̀..."